Lẹ́tà sí Kúnlé: bí a ṣe ń pa kernel lẹ́nu mọ́

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

Kúnlé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù Leeds ńkọ́? Gbogbo wa ń bẹ níbí, a dúpẹ́. Iná ṣì ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe.

Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́. Má bínú sí Bùkọ́lá ìyàwó rẹ o. Ta ni wọ́n á gbé laptop fún pé àwọn ti tún un ṣe, tó máa tàn án tí ọ̀rọ̀ funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí ojú dúdú, tí "Error" á tún wà láàárín wọn, tí kò ní sọ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́? Ohun tí mo rí nínú fọ́tò yẹn kò ba nǹkan kan jẹ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún ọ, ká tó pa á lẹ́nu mọ́.

Tí GRUB, ètò tó ń tan Linux, bá ti gbé kernel, ìyẹn ọkàn Linux, sókè, gbogbo ohun tí kernel bá bá nínú ẹ̀rọ ló máa ń dárúkọ, bí ìyá àgbà tó ń ki ọmọ ilé lówùúrọ̀: mẹ́mọ́rì, dísìkì, USB, káàdì Wi-Fi, kò ní fo ẹnì kankan. Nọ́ńbà tó wà nínú àmì [ ] níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan ń sọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó ti kọjá láti ìgbà tí kernel ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àmọ́ àwọn ìlà tó ní OK aláwọ̀ ewé níwájú, systemd, ètò tó ń jí àwọn iṣẹ́ yòókù dìde lẹ́yìn kernel, ló ni wọ́n. Ìyẹn kì í ṣe kernel rárá.

Gbogbo ọ̀rọ̀ kernel ló ní ìpele, láti 0 dé 7. Ìpele 0 ni ti ìgbà tí ẹ̀rọ kò ṣeé lò mọ́. 3 ni àṣìṣe, 4 ni ìkìlọ̀, 6 ni ìròyìn lásán, 7 sì ni ti àwọn tó ń tú kóòdù wò. Kernel ní òdiwọ̀n kan lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tí ìpele rẹ̀ bá kéré sí òdiwọ̀n yẹn nìkan ló máa yọ sójú ẹ̀rọ. 7 ló sábà máa ń jẹ́. Tí ọ̀rọ̀ quiet bá ti wà nínú àṣẹ tí GRUB fún kernel, ó di 4. Ìyẹn ni pé 0 títí dé 3 ṣì ń sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí Debian rẹ, irú Linux tó wà nínú laptop yẹn, kò fi dákẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé quiet ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. "ACPI BIOS Error (bug): Could not resolve symbol" tó dẹ́rù ba ìyàwó rẹ, ìpele 3 ni. Àwọn tó kọ BIOS ẹ̀rọ náà, ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Linux tó dé, ni kò kọ ọ́ dáadáa, kernel kàn ń fẹjọ́ wọn sùn ni.

Má tíì yí fáìlì kankan padà. Tí GRUB bá yọ, tẹ lẹ́tà e, wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú linux, lọ sí ìparí rẹ̀, kọ loglevel=3 síbẹ̀ (òdiwọ̀n yẹn á di 3, 0 títí dé 2 nìkan lá máa sọ̀rọ̀), kí o wá tẹ Ctrl+X tàbí F10. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn péré ló máa ṣiṣẹ́, torí náà kò lè ba nǹkan jẹ́. Tí GRUB kò bá yọjú, máa tẹ Esc bó ṣe ń tàn. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ BIOS àtijọ́, Shift ni kó o dì mú.

Tó bá ti tẹ́ ọ lọ́rùn, ṣí /etc/default/grub pẹ̀lú sudo, kí o ṣe ìlà yìí báyìí:

GRUB_CMDLINE_LINUX_DEFAULT="quiet loglevel=3"

Kí o wá ṣe sudo update-grub. Tí o kò bá ṣe é, kò sí ohun tó máa yí padà. Jẹ́ kí loglevel gbẹ̀yìn quiet, torí òdiwọ̀n kan náà ni àwọn méjèèjì ń yí, èyí tó bá gbẹ̀yìn ló máa borí.

O máa rí i tí àwọn kan ń fi systemd.show_status=false kún un láti pa systemd náà lẹ́nu mọ́. Èmi kì í fi sí tèmi. Tí quiet bá ti wà níbẹ̀, systemd kì í sọ̀rọ̀ àfi tí nǹkan kan bá kọ̀ láti dìde tàbí tó bá ń pẹ́ jù, irú ìyẹn ni mo sì fẹ́ gbọ́. Ìlà tó ní "clean" nínú, fsck ló ń sọ pé òun ti yẹ dísìkì wò. Fún Bùkọ́lá, ohun tó dára jù ni kó o fi plymouth àti plymouth-themes sórí ẹ̀rọ, kí o kọ splash sẹ́yìn loglevel=3, kí o tún ṣe update-grub. Àwòrán á bo gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí ìwọ bá fẹ́ wo abẹ́ rẹ̀, tẹ Esc.

Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ mí lóminú. O ní hard disk àtijọ́ ló ṣì wà nínú laptop yẹn. Tí dísìkì bá ń kú lọ, "I/O error, dev sda" ni kernel máa kọ, ìpele 3 sì ni òun náà. loglevel=3 kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ariwo BIOS àti dísìkì tó ń kú, àti méjèèjì ló máa bò. Ọ̀rọ̀ náà kò sọnù ṣá, ojú ẹ̀rọ nìkan ni kò dé. Kernel ń tọ́jú rẹ̀ sínú mẹ́mọ́rì, o sì lè fi èyí kà á:

sudo dmesg --level=err

Ti ìgbà tí o tan ẹ̀rọ ṣáájú èyí náà wà nínú journalctl -k -b -1, tí journal, ìwé àkọsílẹ̀ systemd, bá ń kọ sórí dísìkì. Torí náà, ṣe dmesg yẹn lónìí kó o tó fi loglevel=3 síbẹ̀, kí o fi ohun tó bá kọ ránṣẹ́ sí mi. Tó bá jẹ́ ACPI nìkan, máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Tí o bá rí sda níbẹ̀, kọ́kọ́ kó àwọn fáìlì Bùkọ́lá sórí nǹkan mìíràn, kí o ra SSD. Ọ̀rọ̀ ìpalẹ́numọ́ lè dúró dìgbà náà.

Bá mi kí Bùkọ́lá àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Dàpọ̀.