Lẹ́tà sí Bàbá Ìbejì ní Jámánì: ọjọ́ tí ààjà gbé ọkọ̀ mi

Kàbà,
Oṣù Kejì.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi,

Okun o. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ níbí. Láàárọ̀, eruku á bo òkè tó wà lẹ́yìn ìlú débi pé o ò ní rí i. Tó bá fi máa di aago mọ́kànlá, oòrùn á ti mú, àpáta ò sì ní ṣeé fẹsẹ̀ lásán tẹ̀. Ara Ìyá wa le. Mo yà kí wọn lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé owó iṣu tó o fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ àwọn.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti pọ̀ ju ti orí fóònù lọ ni mo ṣe jókòó kọ ọ́. Ọkọ̀ òfurufú mi ti fò! Kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sí fáànù kankan tó ń yí níwájú rẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi jù ú sókè, rìmóòtù ni mo fi ń darí rẹ̀, ó sì lo ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 10 lókè kó tó balẹ̀.

Ẹ̀kẹta nìyí o. Súpágílù ni mo fi lẹ ìyẹ́ ti àkọ́kọ́. Kí n tó gbójú kúrò kí n tún gbójú padà, fóòmù ti yọ́ bí iyọ̀ tó bọ́ sómi. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà fi ń lẹ pákó ni fóòmù ń fẹ́, kéèyàn sì fi sílẹ̀ mọ́jú kó gbẹ. Ní ti ìkejì, ẹ̀rù fífọ́ ló bà mí, mo wá fi pákó ṣe gbogbo ara rẹ̀. Ó wọn gíráàmù 420. Ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí òkúta ló ṣe ń já bọ́.

Ẹ̀kẹta yìí, gíráàmù 215 péré ni, àtibátìrì àti ohun gbogbo. Ìyẹ́ rẹ̀ gùn ní mítà 1 láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 16. Fóòmù pẹlẹbẹ ni mo ká lé orí ọparun tí mo là tí mo sì fá títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀pá ìpẹja tó ti kán ni mo fi ṣe ìrù. Mọ́tò kékeré méjì tí wọ́n ń pè ní servo, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn gíráàmù 9, ló ń fa okùn ìpẹja tó lọ sídìí ìrù: ọ̀kan ń gbé imú sókè sódò, èkejì ń yà á sọ́tùn-ún sósì. Bátìrì wẹ́wẹ́ mẹ́rin tó ṣeé cháàjì ló wà nímú. Rìmóòtù nìkan ló gbówó lórí, àlòkù sì ni, wọ́n fi ránṣẹ́ láti Èkó nínú bọ́ọ̀sì. Fóòmù, ọparun, gọ́ọ̀mù àti okùn, gbogbo rẹ̀ ò ju ₦6,500 lọ.

Wò ó, ṣóńṣó ìyẹ́ méjèèjì ni mo gbé sókè ní sẹ̀ǹtímítà 8 ju àárín lọ, bí ìgbà tí ẹyẹ bá na apá rẹ̀ díẹ̀ sókè. Tí ìrù bá yí imú sọ́tùn-ún, ìyẹ́ òsì á dojú kọ afẹ́fẹ́ ju tọ̀tún lọ, afẹ́fẹ́ á tì í sókè, ọkọ̀ á sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀, á máa yí lọ. Nítorí náà kò nílò mọ́tò kankan nínú ìyẹ́.

Ibi tó ná mi ní sùúrù jù ni ọ̀rọ̀ kó dọ́gba. Wàá fi ìka méjì gbé e lábẹ́ ìyẹ́, ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 sí etí iwájú, kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú, kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ sẹ́yìn. Tí ìdí bá wúwo, á máa fò bí ọ̀mùtí, rìmóòtù ò sì ní ràn án. Odindi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi ń gé òjé àwọ̀n wẹ́wẹ́ tí mo rà lọ́wọ́ apẹja kan ní Lọ́kọ́ja, mo ń fi sí imú, mo ń yọ ọ́.

Nígbà àkọ́kọ́, mo ń jù ú bí ọ̀kọ̀. Kì í ju òrùlé ilé pẹtẹ́ẹ̀sì lọ. Mo wá rí i pé bí díìsì, àwo tí wọ́n ń jù níbi eré ìdárayá, ni wọ́n ń jù ú nísinsìnyí: èèkàn kékeré kan wà ní ṣóńṣó ìyẹ́, wàá fi ìka méjì dì í mú, wàá yí ara rẹ lẹ́ẹ̀kan pátá, wàá sì jọ̀wọ́ rẹ̀. O rántí ọdún tó o ju díìsì fún ilé wa ní sẹ́kọ́ńdìrì? Bó o ṣe máa ń tẹ orúnkún yẹn kó o tó yí, òun ni mo ń rí lójú mi. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ mi gbà á, ó tó mítà 25, ó ga ju ìrókò ẹ̀gbẹ́ pápá lọ. Àwọn tó ń fi irú rẹ̀ díje lágbàáyé ń jù ú kọjá mítà 60, bẹ́ẹ̀ ìyẹ́ tiwọn náà ò gbọ́dọ̀ ju mítà 1.5 lọ.

Kí n tó fò ó, mo kọ́kọ́ lọ bá àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú. O mọ bí nǹkan ṣe rí nínú igbó wa báyìí. Ohunkóhun tó bá ń rìn lókè, ẹ̀rù ló ń ba àwọn èèyàn. Mo ṣí imú rẹ̀ níwájú Bàbá Ọdẹ, mo ní, "Ẹ wò ó, Bàbá, kò sí kámẹ́rà níbẹ̀." Wọ́n gbé e, wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì bi mí pé kí ló ń gbé e dúró. Mo ní afẹ́fẹ́ ni. Wọ́n ní kí n máa sọ fún àwọn ní gbogbo ọjọ́ tí mo bá fẹ́ fò ó. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe.

Ó di Sátidé tó kọjá. Aago méjìlá kù díẹ̀, pápá dá, ewé ò mì. Ni ààjà kan bá dìde ní etí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun, ó ń yí eruku àti eérú lọ sókè. Àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi bú sáré. Ìwọ náà mọ ohun tí àwọn ìyá àgbà ń sọ fún wa: ààjà á gbé èèyàn lọ sínú igbó, ó di ọdún mélòó kan kó tó dá a padà pẹ̀lú egbòogi. Ẹsẹ̀ tèmi náà fẹ́ sá. Ṣùgbọ́n mo rí àwòdì méjì tí wọ́n fi òkè àpáta sílẹ̀, tí wọ́n ń bọ̀ tààrà sọ́nà ibẹ̀.

Oòrùn ti mú ilẹ̀ dúdú yẹn gbóná, ilẹ̀ mú afẹ́fẹ́ gbóná, afẹ́fẹ́ fúyẹ́, ó já kúrò nílẹ̀, èyí tó wà láyìíká sì ń rọ́ wọlé gba ipò rẹ̀. Ẹsẹ̀ nǹkan náà la máa ń rí tí à ń pè ní ààjà. Orí rẹ̀ wà lókè lọ́hùn-ún, ojú ò rí i, àfi àwòdì.

Mo dúró kí eruku kọjá, torí inú rẹ̀ á fọ́ ọkọ̀. Mo wá yí, mo jù ú sí abẹ́ àwọn àwòdì. Bó ṣe débẹ̀ ni ìyẹ́ òsì rẹ̀ gbé sókè lójijì, bí ẹni pé ẹnì kan fọwọ́ tì í. Mo yà á sọ́wọ́ òsì yẹn gan-an, sínú ohun tó tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó ń yí, ó ń gòkè, àwọn àwòdì ń rà bàbà lókè rẹ̀, wọn ò lu ìyẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀fúùfù tí wọ́n ní ó ta àwòdì tó ń re Ìbarà nídìí, mo rí i lọ́jọ́ yẹn pé ó máa ń gbé e láti abẹ́ náà. Omi bọ́ lójú mi, mi ò purọ́.

Nígbà tó kéré bí eṣinṣin, àyà mi já. Mo tẹ imú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí ìyẹ́ lè ká tó bá ń já wálẹ̀ ní eré jù. Mo mú un jáde kúrò nínú ooru náà, ó sì balẹ̀ sí àárín ebè iṣu. Àwọn ọmọ ti padà dé, ariwo ta.

Ẹ̀bẹ̀ méjì ni mo ní. Òkè kan wà lọ́dọ̀ yín tí wọ́n ń pè ní Wasserkuppe, nítòsí Fulda, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 950. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, nígbà tí àdéhùn Versailles ká àwọn ará Jámánì lọ́wọ́ kò lórí ọkọ̀ òfurufú ẹlẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ wọn kó èyí tí kò ní ẹ́ńjìnnì lọ. Ọdún 1920 ni wọ́n ṣe ìdíje àkọ́kọ́. Mùsíọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, wọ́n sì kó àwọn kékeré bíi tèmi síbẹ̀ pẹ̀lú. Mú àwọn ìbejì lọ, kó o ya fọ́tò ìdí ìrù àti ibi tí ìyẹ́ ti so mọ́ ara fún mi. Ìkejì, tó o bá ń bọ̀ ní Kérésìmesì, ra ọ̀pá káábọ̀nù méjì tó ní ihò nínú wá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 1, mílímítà 6 ní fífẹ̀. Fi aṣọ wé e nínú àpótí.

Mo ti tọ́jú ọparun kan sílẹ̀ fún tìẹ, ó ti gbẹ dáadáa. Ìyẹ́ òsì ni mo máa fi èèkàn rẹ̀ sí, torí ọwọ́ ọ̀tún lo fi ń ju díìsì.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ ní Kàbà.