Ẹja ilẹ̀ Jámánì: ẹ máa ṣàlàyé ìdáhùn yín

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà tí ọ̀gbẹ́ni kan kọ láti Ìbàdàn nípa àdììtú ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn yín, eré tí a ti ń kọ ìdáhùn sínú àwọn ilé kéékèèké, lẹ́tà kan sí ilé kan, ni mo fẹ́ fèsì sí. Inú ń bí i. Ó ní kò sí odò tí kò sí ẹja nínú ẹ̀, kí ló wá kan Jámánì nínú ọ̀rọ̀ náà? Ó ní kí ẹ yéé fi eré òyìnbó da àgbàlagbà láàmú, kí ẹ fi àyè ẹ̀ polówó ọjà.

Mo bá a bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò bá a dé ibi tó dé.

Bí ẹ ṣe kọ ọ́ nìyí: "Ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ilẹ̀ Jámánì (3)," ìyẹn ni pé lẹ́tà mẹ́ta ni ìdáhùn. Nílé wa ní Àjàṣẹ́ ti Benin níbí, ọjọ́ mẹ́ta la fi wà lórí ẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi ń gbé ní Jámánì; a fi WhatsApp bi í pé kí ni wọ́n ń pe odò tó wà lágbègbè ẹ̀. Ó ní ṣé ara wa yá. Ẹ̀dà méjì méjì ni ìwé yín máa ń dé ọ̀dọ̀ wa láti Ìdìrókò, ìbéèrè àti ìdáhùn a sì jọ wọlé pọ̀, nítorí náà ìyàwó mi ló máa ń gbé ìkejì pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí ẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó yọ ọ́ síta, a ṣí i. ẸJA. Kò sí gbólóhùn kan lẹ́yìn ẹ̀. Ìyàwó mi ní ẹ ti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Iṣẹ́ aago títúnṣe ni mò ń ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi awò kékeré sójú, mò ń wo inú aago ọwọ́ kan, ni ọ̀rọ̀ náà bá là sí mi. Inú ilẹ̀ Jámánì náà ló wà lóòótọ́! Ẹ mú lẹ́tà tó gbẹ̀yìn "ilẹ̀", ẹ fi méjì tó ṣáájú nínú "Jámánì" tì í: Ẹ-J-A. Láti ọjọ́ kìíní ló ti wà lójú wa. Mo rẹ́rìn-ín títí tí oníbàárà fi bi mí bóyá aago òun ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ẹ wò ó, apá méjì ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń ní. Apá kan ń sọ ìtumọ̀ tààrà, ìyẹn "ó ń lúwẹ̀ẹ́". Apá kejì ń sọ ibi tí ẹ ti máa rí àwọn lẹ́tà kó jọ. Ẹni tó kọ ọ́ wá rán méjèèjì pọ̀ débi pé ojú rírán ò ní hàn, ẹ̀yin á kàn máa ro ẹni tó ń wẹ̀ lókè òkun. Gbólóhùn yẹn ń tàn yín ni. Àwọn lẹ́tà inú ẹ̀ kì í purọ́. Bó ṣe rí nìyẹn, gbólóhùn díẹ̀ péré. Kí ló dé tí ẹ ò lè tẹ gbólóhùn díẹ̀ sábẹ́ ìdáhùn?

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló mú mi mọ eré yìí. Mots croisés la máa ń pè é níhìn-ín. Bébà ìwé ìròyìn Faransé tí wọ́n fi di àwọn èèlò aago ni ọ̀gá mi máa ń tẹ́ pẹlẹbẹ lórí tábìlì, á máa kọ nǹkan sínú àwọn ilé kéékèèké yẹn bí ẹni ń ta ayò. Lọ́jọ́ kan ó ka ọ̀kan sí mi létí: « Vide les baignoires et remplit les lavabos », ilé mẹ́jọ. Ohun tó ń sọ baignoire dòfìfo, tó sì ń mú lavabo kún. Mo ní ẹ̀rọ omi ni. Mo ní páìpù. Ó fi mí sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Nígbà tó yá ó ní: entracte, àkókò ìsinmi láàárín eré orí ìtàgé. Baignoire tí èmi mọ̀ sí agbada ìwẹ̀, orúkọ àwọn ìjókòó kan nísàlẹ̀ ilé ìṣeré náà ni. Bí ìsinmi bá dé, àwọn tó jókòó síbẹ̀ á dìde, wọ́n á lọ tò sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí Faransé tún ń pè ní lavabo. Ó ti lé lógójì ọdún, mi ò sì gbàgbé. Ká ní "entracte" nìkan ló sọ, tó sì bá oúnjẹ ẹ̀ lọ, ṣé màá rántí?

Ní ti pé eré òyìnbó ni, ara ìwé ìròyìn New York ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ onílé kéékèèké yìí jáde ní oṣù December 1913, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Arthur Wynne ló ṣe é. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí a fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú ọ̀rọ̀, ṣé òyìnbó ló kọ́ wa ni? Àwọn baba wa ń so ẹyọ owó mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n fẹ́: ẹ̀fà, ìyẹn ni pé ọkàn mi fà sí ọ. Bí onítọ̀hún bá gbà, á so mẹ́jọ padà: ẹ̀jọ, èrò wa jọ. Bí a bá ń súre, ṣebí a máa ń ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Pierre Verger, Faransé tó gba Ifá ní Kétu ní àwọn ọdún 1950 tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí, kọ ọ́ pé inú orúkọ ewé fúnra ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọfọ̀ ti sábà máa ń jáde. Ọ̀gbẹ́ni ará Ìbàdàn tún ní eré ọmọdé ni. Ní 1942, Daily Telegraph ní London pe àwọn òǹkàwé ẹ̀ kí wọ́n wá yanjú ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú 12. Àwọn kan nínú wọn ni ìjọba gbà sí Bletchley Park lẹ́yìn náà, níbi tí wọ́n ti ń tú ọ̀rọ̀ àṣírí ogun. Ti ilẹ̀ Jámánì náà ni o.

Ibi tí ẹ ti jẹ̀bi gan-an ni pé ẹ ò sọ òfin yín. Nínú èyí tó tẹ̀ lé ti ẹja, ẹ kọ: "Ó wà nínú orí, ó sì ń tọ létí odò (5)." Ibi tí ìyàwó mi ti ń dín àkàrà ló ti pariwo: "Ọpọlọ! Ọ̀pọ̀lọ́!" Ó fi ọwọ́ elépo wá gba bírò lọ́wọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ò tó. Bíbélì lèmi fi kọ́ bí a ṣe ń ka Yorùbá, bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ lèmi náà ń kọ ọ́. Kíláàsì àwọn àgbà ni òun ti kọ́ tiẹ̀, ìkọ̀wé ti Benin: ɛ ni wọ́n ń lò fún ẹ, ɔ fún ọ, sh fún ṣ, kp fún p. Ɔ-K-P-Ɔ-L-Ɔ. Mẹ́fà. Ó ní ẹ̀yin lẹ ṣì í kà. Àkàrà jóná.

Ẹ wo ìyẹn fúnra yín: bí ẹ bá ní kí a máa ka àmì ohùn, inú orí àti etí odò ò ní lè jọ gbé inú ilé márùn-ún yẹn láéláé, adùn ẹ̀ sì ti bàjẹ́. Ẹ yọ àmì ohùn kúrò nínú ilé, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan àmì ìsàlẹ̀. Àwọn Faransé lè fi É àti E sínú ilé kan náà, lẹ́tà kan ṣoṣo ni lójú wọn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀tọ̀ ni O, ọ̀tọ̀ ni Ọ nínú lẹ́tà 25 tí a ní. Nínú èyí tó dé kẹ́yìn, ẹ fi "owó" dábùú "ọkọ̀", ẹ ní kí wọ́n pàdé ní lẹ́tà àkọ́kọ́. Mo fi bírò fi àmì sábẹ́ ẹ̀, mo tún pa á rẹ́, bébà ya.

Èmi náà ti gbìyànjú ọ̀kan, bóyá ẹ á rí àyè fún un: "Oró tó ti dàgbà la fi ń súre fún ọmọ tuntun." Mo ká àlàyé ẹ̀ mọ́ lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀sẹ̀ kejì ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Mi ò kọ iye ilé ẹ̀ síwájú, torí ẹ ò tíì sọ fún wa bóyá ilé kan ni ẹ máa fún gb tàbí méjì.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Aláago,
ẹ̀bá ọjà Ouando, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo).