Ẹ̀wà Kò Jìnnà sí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Wa

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Agbowó ni ilé mi wà, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn ayálégbé mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kó mẹ́rin nínú wọn lọ sí Òkè Ààrẹ̀ kí wọ́n lè wo Ìbàdàn láti orí Láyípo. Láti 1936 ni ilé ìṣọ́ náà ti wà níbẹ̀, àtẹ̀gùn rẹ̀ kò sì tó 50. Èmi ẹni ọdún 71 gùn ún dókè. Méjì nínú àwọn ọmọ náà jókòó sí àárín àtẹ̀gùn, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, òòyì ń kọ́ ọ̀kan.

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n jẹ láàárọ̀. "Bàbá, a ò tíì jẹun o." Ọ̀sán ti pọ́n nígbà náà! Indomie ni wọ́n sè lóru, wọ́n sì mu mínírà lé e.

Mi ò bá wọn wí, mo mọ bí owó ṣe rí lọ́wọ́ ọmọ iléèwé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Ìyẹ̀fun, epo àti iyọ̀ ló pọ̀ nínú Indomie lásán; ohun tí iṣan fi ń lágbára kò tó níbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù ni mo ń rò jù. Bí wọn kì í bá jẹ ẹ̀wà, ẹran tàbí ẹ̀fọ́, ẹ̀jẹ̀ lè má tó lára wọn, bí wọ́n bá sì rìn díẹ̀, yóò rẹ̀ wọ́n. Ní ti mínírà, ẹ ka ara ìgò: bí wọ́n bá kọ ṣúgà gíráàmù 10 sí mílílítà 100, ìgò 50cl kan ti gbé gíráàmù 50, ìyẹn nǹkan bí òdiwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá lójúmọ́.

Bẹ́ẹ̀, gbẹ̀gìrì tí Ìbàdàn fi ń yangàn, ẹ̀wà ni. Àwọn ọmọ yìí á dé ìsọ̀ alámàlà, wọ́n á ní ata nìkan làwọn fẹ́. Ẹni tó ń mu gàrí náà, kó wá ẹ̀pà sí i.

Mo bẹ àwọn aláṣẹ iléèwé gíga wa: ẹ jẹ́ kí alákàrà, ẹlẹ́kọ àti onímọ́ínmọ́ín ríbi pàtẹ nítòsí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kí iṣẹ́ aago mẹ́jọ tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ mẹ́rin tèmi ti ń dáwó jọ ra ẹ̀wà ní Bódìjà báyìí. Alẹ́ ni wọ́n ń sè é sílẹ̀ de àárọ̀. Tí oṣù bá parí, a óò padà sí Òkè Ààrẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Bàbá onílé kan ní Agbowó, Ìbàdàn