Délé, àdúgbò tó o kó lọ yẹn

Délé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì gbé ẹ mì? Ìgbà tó o ní Wauwatosa lẹ́bàá Milwaukee lo rẹ́ǹtì ilé sí, mo ní háà, mi ò débẹ̀ rí o ṣùgbọ́n mo mọ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni mọ́tò ti dojú dé mọ́ David Bruce-Brown, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìje láyé ọjọ́un. O ò mọ̀ ọ́n, àbí? Fara balẹ̀ jàre.

Ọmọ olówó New York ni, olówó gidi o, kì í ṣe irú alága wa yẹn. Ní 1908, ilé ìwé ló ṣì wà tó fi gba Daytona lọ, létí òkun ní Florida, ibi tí wọ́n ti ń sáré mọ́tò lórí iyanrìn. Ni ìyá ẹ̀ bá gbọ́, ló bá tẹ wáyà sí àwọn tó ń ṣètò eré pé tí wọ́n bá fi lè jẹ́ kọ́mọ òun wọ mọ́tò, kóòtù ló máa gbé wọn lọ. Ọmọ náà wọ̀ ọ́, ó tún já rẹ́kọ́ọ̀dù tí Vanderbilt, ọmọ olówó bíi tiẹ̀, fi lélẹ̀.

1910, eré ìje American Grand Prize ní Savannah, ní Georgia, ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù. Máìlì 415, bíi wákàtí mẹ́fà lórí títì, òun nínú Benz, Hémery ará Faransé náà nínú Benz. Wọn kì í tú wọn sílẹ̀ papọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, aago ló ń dájọ́, ìgbà tí wọ́n ṣírò ẹ̀ tán ó fi 1.42 sẹ́kọ́ńdì ju Hémery lọ. Kó o sín báyìí, ó ti tán! Ní 1911 ó tún gbà á níbẹ̀ nínú Fiat, ọdún yẹn náà ló ṣe kẹta nínú eré ìje Indianapolis 500 àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mò ń rò ni Scudelari, mẹkáníìkì Bruce-Brown. Nígbà yẹn mẹkáníìkì máa ń jókòó ti awakọ̀ ni, kò sí bẹ́líìtì, kò sí ilẹ̀kùn, á máa fọwọ́ pọ́ǹpù epo, á máa yíjú wẹ̀yìn wo ẹni tó ń bọ̀, á tún máa wo táyà. Kọ̀ńdọ́ Mọ́lúè gan-an ló jọ lójú mi, àmọ́ Mọ́lúè ò sá tó yẹn. October 1, 1912, Grand Prize ti kó wá sí Wauwatosa yín yẹn, wọ́n kàn ń dánra wò ni, eré gan-an ò tíì bẹ̀rẹ̀, táyà bẹ́, mọ́tò sì takìtì. Àwọn méjèèjì ló kú. (Láti ìgbà tí mo ti ka ìtàn yìí mo ti pààrọ̀ táyà Tòkunbọ̀ méjì, má fi mí rẹ́rìn-ín.) Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n sáré náà, Caleb Bragg, ọmọ olówó míì, ló gbà á, Fiat lòun náà wà.

Ìyá David tẹ wáyà torí ọmọ ẹ̀. Ta ló bá Scudelari tẹ tiẹ̀? Iṣẹ́ oòjọ́ ẹ̀ ló gbé e jókòó síbẹ̀.

Tí yìnyín bá dá, bá mi rìn yí àdúgbò yẹn ká, kó o ya títì ibẹ̀ ránṣẹ́. Màámi ní kí n kí ẹ, wọ́n ní ṣé o ti ń jẹun dáadáa.

Èmi ni,
Wálé