Ẹ má nu queue dànù, owó oníbàárà ló wà nínú rẹ̀

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka lẹ́tà àwọn tó ń ráhùn nínú ìwé ìròyìn yín pé báǹkì yọ owó nínú àkáǹtì àwọn, ẹni tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí kò sì rí i gbà. Ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ń já ọ̀rọ̀ sí ni pé àwọn ará báǹkì ti jí i. Ẹ̀yìn ilé, níbi tí àwọn sáfà wà, ni iṣẹ́ tèmi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú sọ́fítíwíà tó ń gbé àṣẹ owó láti ẹ̀rọ kan dé òmíràn. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo mọ̀ nítorí àwọn oníbàárà, àti nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ yìí, tí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ fún wọn.

Bí ẹ bá tẹ fóònù pé kí owó lọ, owó kì í fò lọ tààrà. Ní ọ̀pọ̀ báǹkì ńlá, ẹ̀rọ kan yóò kọ mẹ́séèjì, yóò fi í sínú ohun tí a ń pè ní queue, ẹ̀rọ mìíràn yóò sì wá mú un níbẹ̀ nígbà tó bá ráyè. Ẹni tó bá ti fi ẹrù rán awakọ̀ rí ní gáréèjì Ìwó Road n'Ìbàdàn mọ bó ṣe ń rí: ẹ ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó máa gbà á sára ẹrù, ẹ ó fi lé wọn lọ́wọ́, ẹ ó sì bá tiyín lọ. Kò pọn dandan kí ẹni tó máa gbà á ti dúró síbẹ̀. IBM MQ wà lára àwọn sọ́fítíwíà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ọdún 1993 ni wọ́n gbé e jáde, MQSeries ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ó di WebSphere MQ lọ́dún 2002, ó sì di IBM MQ lọ́dún 2014. Òun ni mo mọ̀ jù, òun ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ owó jáwọ́ nínú àṣà "ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn."

Gbogbo wa la rántí oṣù Kejì ọdún 2023. Owó ìwé di ohun àwátì, títí dé ọ̀dọ̀ ìyá aláta, fóònù la fi ń sanwó. Ní ilé-iṣẹ́ tí mo wà nígbà náà, queue kan kún. Nọ́ńbà 2053 ni MQ fi ń sọ pé queue ti kún. Bí a kò bá fọwọ́ kàn án, mẹ́séèjì 5,000 ni queue kan lè gbà. Tiwa gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó kún. Ọ̀gá kan ń pariwo lórí fóònù pé ká pa queue manager, ìyẹn ètò tó ń ṣàkóso àwọn queue, ká tún un tàn, ká sì nu queue náà mọ́ kí nǹkan lè máa lọ. Ẹnjiníà àgbà wa, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí kì í gbé ohùn sókè, ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi láyè díẹ̀." Ó ṣí runmqsc, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún MQ, ó béèrè ipò queue náà, ó sì nawọ́ sí ibi tí wọ́n kọ IPPROCS sí. Òdo ló wà níbẹ̀. Kò sí ètò kankan tó ṣí queue náà láti kó ohun tó wà nínú rẹ̀. A tọpa ètò tó yẹ kó máa kó o, a bá a pé ó ti kú, nítorí pé àyè ti tán lórí dísìkì database tó ń kọ nǹkan sí. A fi àyè kún un, a gbé ètò náà dìde, queue bẹ̀rẹ̀ sí í fà, owó àwọn ènìyàn sì ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ká ní a ti ṣe ohun tí ọ̀gá yẹn wí, àṣẹ owó tó wà níbẹ̀ ì bá ti lọ láìku ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti yọ owó nínú àkáǹtì àwọn tó fi í ránṣẹ́.

Ó tilẹ̀ léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí kì í ṣe dandan kí ẹnikẹ́ni nu queue kí nǹkan tó sọnù. Oríṣi méjì ni mẹ́séèjì. Persistent ni èyí tí MQ ń kọ sórí dísìkì, kò sí ewu fún un bí a bá pa ẹ̀rọ. Èyí tí kì í ṣe persistent máa ń pòórá nígbà tí a bá tún queue manager tàn, àfi bí a bá ti ṣètò queue náà lọ́nà mìíràn. Ẹ wá gbọ́ o: bí ẹ bá dá queue láìsọ nǹkan kan, NO ni DEFPSIST rẹ̀, ìyẹn ibi tí queue ti ń sọ bóyá kí mẹ́séèjì jẹ́ persistent, máa jẹ́. Bí ètò tó ń fi mẹ́séèjì síbẹ̀ bá sì ní òun á tẹ̀ lé ohun tí queue wí, kò sí ohun tó máa dáàbò bo mẹ́séèjì wọ̀nyẹn. Mo ti bá queue tó ń gbé àṣẹ owó pàdé tí DEFPSIST rẹ̀ ṣì wà ní NO látọjọ́ tí wọ́n ti dá a, àwọn tó ni ín sì ń tún queue manager tàn bó bá ṣe wù wọ́n. Orí mi gbóná lọ́jọ́ náà.

Nọ́ńbà kejì tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni 2035, tó ń sọ pé ẹni tó kàn ilẹ̀kùn kò láṣẹ láti wọlé. Láti MQ 7.1 ni ètò CHLAUTH ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kì í sì í jẹ́ kí ẹni tó ní agbára alábòójútó gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé bẹ́ẹ̀ ṣáá. Àwọn ọ̀dọ́ wa á wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á rí ẹni tó ní kí wọ́n pa CHLAUTH, wọ́n á pa á, 2035 á lọ, wọ́n á lọ sùn. Inú báǹkì rèé o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kọ́kọ́ ṣí AMQERR01.LOG ní /var/mqm/qmgrs, lábẹ́ orúkọ queue manager yín, nínú fódà errors. Bó bá jẹ́ CHLAUTH ló dí ọ̀nà, ẹ ó rí AMQ9777, tó máa sọ channel, ìyẹn ọ̀nà orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí wọ́n gbà wá àti àdírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ti wá. Bó bá jẹ́ pé password ni kò bára mu, AMQ5534 lẹ ó rí. Bó bá sì jẹ́ pé ètò náà ni kò láṣẹ lórí queue, ẹ fi setmqaut fún un ní àṣẹ tó nílò, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúkọ kan sínú group, ẹ má gbàgbé láti tẹ REFRESH SECURITY nínú runmqsc, torí bí ẹ kò bá ṣe é, ohun tí queue manager mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ṣì máa dì mú.

Àwọn nọ́ńbà tó kù kò le tó bẹ́ẹ̀. 2059: ẹ wò ó bóyá queue manager ń ṣiṣẹ́. 2538: ẹ wo listener, ètò tó ń dúró de àwọn tó ń wọlé, àti port, nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, 1414 ni port tó sábà máa ń jẹ́. 2085: kò sí queue tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, ó sì lè jẹ́ lẹ́tà ńlá àti kékeré ló fà á, torí runmqsc máa ń sọ orúkọ di lẹ́tà ńlá bí ẹ kò bá fi àmì ' yí i ká. Bí ẹ kò bá rántí ìtumọ̀ nọ́ńbà kan, ẹ tẹ mqrc àti nọ́ńbà náà, yóò sọ fún yín.

Ibi tí ọ̀ràn oníbàárà ń há sí jù ni dead-letter queue. Mẹ́séèjì tí kò rí ọ̀nà dé ibi tó ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á sì lẹ ìdí tí kò fi dé mọ́ ọn níwájú. Ẹ rí i pé kò sọnù. Ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú àlàyé tirẹ̀, ó ń dúró de ẹni tó máa kà á. Mo ti dé ibi tí mẹ́séèjì ti lo ọ̀sẹ̀ gbọọrọ nínú rẹ̀, tí ẹni tó ń gbé fóònù oníbàárà sì ń sọ pé "ẹ ní sùúrù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni." Ibòmíràn wà tí wọn kò tilẹ̀ kọ orúkọ kankan sí DEADQ, ibi tí a ti ń sọ queue tó máa jẹ́ dead-letter queue, nítorí náà mẹ́séèjì persistent kan tí kò ríbi gbà á dá gbogbo channel dúró, tàwọn yòókù náà sì há sẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn aláṣẹ báǹkì pé kí wọ́n yan ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣí dead-letter queue láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ohun tó bá rí sì dé etí àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ó di èèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti nu queue láìkọ́kọ́ da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ síbòmíràn. Bí àwọn olùyẹ̀wò CBN bá dé, kí wọ́n béèrè ẹni tó nu queue kẹ́yìn, àti ẹni tó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin tí owó yín kò dé, bí ẹ bá fẹ́ pe báǹkì, ẹ wá session ID sórí rìsíìtì tíránsífà náà kí ẹ tó pè. Nọ́ńbà gígùn ni, díjíìtì 30 ló ní fún tíránsífà láti báǹkì sí báǹkì. Ẹ kà á pé pérépéré fún wọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹnjiníà, torí nọ́ńbà yẹn la fi ń wá mẹ́séèjì yín.

Èmi ni tiyín,
Ẹnjiníà kan láti Yábàá, Èkó