Ta Ni Ó Kọ́kọ́ Sọ Ọ́?

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa, nínú Ẹ́kísódù 23:1, òfin Ọlọ́run kò mọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó hun irọ́. Ó kan ẹni tí ó gbà á tí ó sì ń gbé e kiri pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ yìí ti di ti ojoojúmọ́ fún wa láti Kàbà dé Mọ̀pà àti Ìsánlú, níwọ̀n bí ẹni tí ó bá tẹ fóònù lẹ́ẹ̀kan ti lè gbé ìròyìn dé Èkó àti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa lókè òkun.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola wọ orílẹ̀-èdè wa, àtẹ̀jíṣẹ́ kan tàn ká pé omi iyọ̀ ni oògùn rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé irọ́ ni, ó sì fi kún un pé ó kéré tán ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Mo gbà pé ìfẹ́ ni ó mú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó fi í ránṣẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan a máa wí pé, “Ẹni mẹ́wàá ni ó fi í ránṣẹ́ sí mi, báwo ni yóò ṣe jẹ́ irọ́?” Lóòótọ́, Deutarónómì 19:15 béèrè ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ ni à ń pè ní ẹlẹ́rìí. Bí àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá gbà á láti orísun kan náà, ẹnu kan ṣoṣo ni wọ́n, bí onítọ̀hún kò bá sì sí níbẹ̀, a kò ní ẹlẹ́rìí rárá. Nítorí náà, nígbà tí WhatsApp bá kọ ọ́ sórí ọ̀rọ̀ kan pé a ti fi í ránṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ mọ̀ pé ó ti jìnnà sí ọwọ́ ẹni tí ó kọ ọ́. Ẹ wá orúkọ onítọ̀hún àti ọjọ́ tí ó kọ ọ́, kí ẹ sì wò bóyá ilé-iṣẹ́ tí a dárúkọ sọ bẹ́ẹ̀ lórí ìkànnì tirẹ̀, nítorí àwọn ẹlẹ́tàn a máa ṣe ìkànnì tí lẹ́tà kan péré fi yàtọ̀ sí ti gidi. Àwòrán pàápàá lè jẹ́ òtítọ́ kí àlàyé abẹ́ rẹ̀ jẹ́ irọ́, bí ìgbà tí a bá gbé omíyalé Lọ́kọ́ja ti ọdún 2012 jáde bí ẹni pé àná ni ó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀wọ̀ ni ó mú un ṣòro jù láàárín wa. Bí bàbá ìjọ bá fi ìròyìn ránṣẹ́, ta ni ọmọdé tí yóò bi í léèrè ibi tí ó ti gbọ́ ọ? Síbẹ̀, nínú Ìṣe 17:11, Pọ́ọ̀lù ni ó ń wàásù nígbà tí àwọn ará Bèróà ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò lójoojúmọ́ láti mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí, ìyìn ni wọ́n sì gbà. Èmi olùṣọ́-àgùntàn yín kò ju Pọ́ọ̀lù lọ. Ẹ máa bi mí. (Mo mọ àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti ń retí àṣẹ yìí.)

Lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ọ̀dọ́ náà yóò jókòó ti ẹnikẹ́ni tí ó bá mú fóònù rẹ̀ wá, wọn yóò sì fi hàn án bí a ti ń fi Google wá ibi tí àwòrán kan ti kọ́kọ́ jáde.