Ọ̀RỌ̀ OLÙṢỌ́-ÀGÙNTÀN: Lábẹ́ Àjàgà Ẹlòmíràn

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, arábìnrin kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun láti wá sídìí tábìlì Olúwa, nítorí àwọn ìwé tí ọ̀gá ń ní kí òun fọwọ́ sí níbi iṣẹ́. Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀. N kò rí ọ̀rọ̀ gidi sọ fún un lọ́jọ́ náà. Ó ti yọ̀ǹda kí n mẹ́nu bà á níbí.

Konstantin Dejanović ni mo ń rò láti ìgbà náà. Ìjòyè ilẹ̀ Sẹ́bíà ni, ìyá rẹ̀ sì ni àbúrò Stefan Dušan, ọba ńlá wọn. Nígbà tí Dušan kú ní 1355, ìjọba fọ́ sí wẹ́wẹ́. Konstantin àti Jovan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ń ṣàkóso ìlà-oòrùn Makedóníà, Štip àti Strumica, títí dé Velbužd. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń fi pe Velbužd títí dòní: Kyustendil, ilẹ̀ Konstantin. Ó fi ilẹ̀ ta àwọn ilé àdúrà àwọn mọ́ńkì lórí Òkè Athos, ní ilẹ̀ Gíríìsì, lọ́rẹ.

Ní ọdún 1371 ni àwọn ará Tọ́kì fọ́ ogun Sẹ́bíà lẹ́bàá odò Maritsa. Konstantin ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Marko; bàbá Marko àti àbúrò bàbá rẹ̀ kú síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni Marko àti Konstantin ti ń san ìṣákọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń tẹ̀ lé sultan, ọba Tọ́kì, lọ sójú ogun. Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni.

Ní oṣù karùn-ún 1395, sultan Bayezid kó wọn lọ bá Mircea jà ní Rovine, ní ilẹ̀ tó di Ròmáníà lónìí. Kristẹni bíi tiwọn ni Mircea, olórí ilẹ̀ náà. Òǹkọ̀wé kan ní àwọn ọdún 1430 kọ ohun tí Marko sọ fún Konstantin kí ogun tó bẹ̀rẹ̀: mo bẹ Olúwa kí ó ran àwọn Kristẹni lọ́wọ́, kí èmi sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò kú nínú ogun yìí. Àwọn méjèèjì kú lọ́jọ́ náà.

Ẹ wo bí àdúrà yẹn ti le tó! Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níbi tí wọ́n tì í sí, ọkàn rẹ̀ kò lọ bá wọn. Náámánì náà bẹ̀bẹ̀ nítorí pé ó ní láti bá ọ̀gá rẹ̀ tẹrí ba nílé òrìṣà Rímónì, Èlíṣà kò bá a jà. Ó ní kí ó máa lọ ní àlàáfíà.

Jelena, ọmọbìnrin Konstantin, ti fẹ́ Manuel, ọba Constantinople. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, òun àti ọkọ rẹ̀ ta ilé àdúrà Jòhánù Onítẹ̀bọmi lọ́rẹ kí wọ́n lè máa rántí bàbá rẹ̀ nínú àdúrà. Àwa kì í gbàdúrà fún òkú nínú ìjọ tiwa, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ọmọ yẹn wú mi lórí gan-an. Lẹ́yìn ikú Manuel, Jelena wọ ilé àdúrà àwọn obìnrin tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run. Orúkọ tó gbà níbẹ̀ ni Hypomone, ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà tí Bíbélì wa pè ní sùúrù nínú Jákọ́bù 1:4.

Arábìnrin mi, n kò sọ pé ohun tí o ń fọwọ́ sí dára. Má ṣe torí rẹ̀ sá fún tábìlì Olúwa. Ní ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú, gbogbo ẹni tó wà nírú ipò yìí la ó kọ́kọ́ gbàdúrà fún. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ọ̀gá rẹ̀.